Fífún Ọ̀rá Kòkó Nìkan Kò Tó



Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí. A ń sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́, a ń sọ ọ́ ní ààfin, àwọn aṣòfin sì ń sọ ọ́ ní ilé ìgbìmọ̀: pé ó tó àkókò kí ilẹ̀ Yorùbá yé kó kòkó gbígbẹ sínú àpò ránṣẹ́ sí òkè òkun, kí a máa sọ ọ́ di ohun tí ó níye lórí kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a ń wí láì tú ìdí rẹ̀ wò lè kó ọmọ ènìyàn sí kòtò gẹ́gẹ́ bí irọ́ ti í ṣe. Àwọn ọmọ wa wà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n gbà á gbọ́, tí wọ́n yá owó, tí wọ́n ra ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ náà sì ń dípẹtà lónìí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní, kí a mọ ohun tí ó ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, kí a sì mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Kòkó gbígbẹ tí a ń kẹ́gàn lónìí ni ó kọ́ ilẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin kòkó ní agbègbè Agége, títí ó fi tàn dé Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ìlẹ̀ṣà àti Oǹdó, kòkó ni ó sọ ọ̀pọ̀ ilé eléwé di ilé onípáànù, òun náà ni ó sì rán ọmọ àgbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní oṣù kìíní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé e ró. Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965, tí ó ga ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò fi ohun tí ó bí i pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé kòkó gbígbẹ kò ní láárí ti gbàgbé ilé tí ó jókòó sí.

Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀ náà, ìṣirò kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Nínú owó tí ẹni tí ó ra ṣókóléètì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Pàríìsì san, ohun tí ń padà sọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lọ̀ ọ́, ẹni tí ó pò ó mọ́ mílíìkì àti ṣúgà, ẹni tí ó fi bébà dídán wé e, ẹni tí ó polówó rẹ̀, àti ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù. Igi kòkó kò sí ní oko àwọn ará Switzerland, síbẹ̀ orúkọ wọn ni ayé máa ń rántí bí a bá dárúkọ ṣókóléètì dáradára. Ó tọ́ kí inú bí wa sí èyí. Ṣùgbọ́n inú bíbí kì í lọ kòkó. Ẹ̀rọ ni í lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ a sì máa jẹ owó.

Kí ni ilé iṣẹ́ kòkó ń ṣe ní ti gidi? Wọn á yan kòkó gbígbẹ náà, wọn á fọ́ èèpo rẹ̀ kúrò, wọn á sì lọ inú rẹ̀ títí yóò fi máa ṣàn bí ọbẹ̀, nítorí pé ọ̀rá kó nǹkan bí ìlàjì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn á fi ẹ̀rọ alágbára fún un. Ọ̀rá á bọ́ sí ọ̀tọ̀, èyí tí ó ṣẹ́ kù á dì le pẹlẹbẹ, òun ni wọ́n sì ń lọ̀ di ìyẹ̀fun kòkó. Ìdílé van Houten ní ilẹ̀ Netherlands ni ó mú ọgbọ́n fífún yìí jáde ní 1828. Ọgbọ́n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè ra ẹ̀rọ rẹ̀.

Níbí ni ìrònú wa ti kọ́kọ́ ń ṣìnà. A rò pé ní kété tí kòkó bá ti di ọ̀rá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń dá iye lé e ní òkè òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ni a ń ta ọ̀rá kòkó, ti Ìkẹjà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Amsterdam lójú ẹni tí ń rà á. Iye rẹ̀ sì ń tẹ̀lé iye kòkó gbígbẹ ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti ti New York bí òjìji ti ń tẹ̀lé ènìyàn. Ẹni tí ó fún kòkó ti yí ìrísí ọjà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ nínú ọjà kò tíì yí padà. Ó ti ń ta èso tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Ó wá ń ta ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní. Èrè tí ó wà láàárín méjèèjì tín-ín-rín, ẹni tí owó iná, èlé àti owó ọ̀nà rẹ̀ bá kéré jù ni yóò sì jẹ ẹ́.

Ẹ wá wo bí iná, èlé àti ọ̀nà tiwa ti rí. A kọ́ ilé iṣẹ́ kòkó sí Ìkẹjà, sí Ilé-Olújì, sí ìlú Oǹdó àti sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè lo ẹ̀rọ wọn tó bí agbára rẹ̀ ti mọ, àwọn mìíràn sì ti tilẹ̀kùn. Ọ̀lẹ kọ́ ni ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lọ kòkó tí ó sì ń fún un kò gbọdọ̀ kú lójijì. Bí ó bá kú nígbà tí kòkó lílọ̀ ṣì wà nínú páìpù, ọ̀rá á dì sínú rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì bàjẹ́. Síbẹ̀ ní ọdún 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni owó iná fún àwọn tí a kà sí ipò kìíní sì fò láti nǹkan bí 68 náírà dé 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò bá lè gbẹ́kẹ̀ lé iná yìí yóò máa ra epo dísù sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, epo náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ní ti èlé, Báǹkì Àgbà ti ìjọba gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báǹkì tí ń yá oníṣòwò lówó yóò sì fi tirẹ̀ lé e kí ó tó yáni. Ẹ jẹ́ kí a fi owó kékeré ṣe ìṣirò rẹ̀. Kòkó kì í so dọ́gba yíká ọdún. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìkórè ńlá. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ rí kòkó lò títí di ìgbà òjò ní láti rà á pamọ́ nígbà ìkórè. Bí ó bá yá 100 náírà ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí kòkó náà sì wà ní àká fún oṣù mẹ́fà, 15 náírà ti di ti báǹkì kí ẹ̀rọ tó yí rárá. Bí aṣojú oníṣòwò òkè òkun bá rí owó yá ní èlé 6, náírà 3 péré ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú àgbẹ̀ kan náà, wọ́n jọ ń ná kòkó kan náà. Ta ni yóò lè fi owó kún owó nínú wọn?

Ọ̀ràn yìí hàn gbangba ní ọdún 2024, nígbà tí òjò tí kò bá àsìkò mu àti àrùn igi ní Gánà àti Côte d'Ivoire sọ kòkó di ọ̀wọ́n ní gbogbo ayé, tí iye tọ́ọ̀nù kan ní New York fi ju 12,000 dọ́là lọ ní oṣù kejìlá. Inú àgbẹ̀ wa dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́, owó tí ó ti ń ra àpò mẹ́wàá rí kò tún ra márùn-ún mọ́. Nígbà tí ó di 2025, iye náà tún já wálẹ̀ gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti yá owó ra kòkó ọ̀wọ́n pamọ́ kò rí ibi tí yóò ti gba owó rẹ̀ padà. Ilé iṣẹ́ tí kò ní ju ọ̀rá lásán láti tà kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ irú ìjì bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọjà náà yóò tó dé ẹnu ibodè Yúróòpù. Níbẹ̀, wọn kì í gba owó ibodè lórí kòkó gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí kòkó wa bá ti di ọ̀rá tàbí kòkó lílọ̀, wọ́n ní kí a san owó. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin náà ń wí lábẹ́nú: ẹ kó èso wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Gánà àti Côte d'Ivoire bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe àdéhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, nítorí náà ọ̀rá kòkó wọn ń wọlé láì san kọ́bọ̀. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìdí sì wà fún un, nítorí ẹ̀rù ń ba ìjọba kí ọjà Yúróòpù má baà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ wá pa àwọn ilé iṣẹ́ wa mìíràn. Ìdí náà kì í ṣe ìdí òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá pinnu ohun kan nítorí ire gbogbo ìlú, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ru ẹrù ìpinnu náà. Àwọn tí ń fún kòkó ni wọ́n ń san owó àìfọwọ́sí yìí láti ọdún dé ọdún. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba sì ṣèlérí fún àwọn tí ń kó ọjà ṣíṣe lọ sí òkèèrè a máa pẹ́ kí ó tó dé, ìgbà kan sì wà tí ó dúró pátápátá. Ẹni tí ó fi ìlérí náà yá owó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: "Bí ọ̀rá kò bá pé, ẹ jẹ́ kí a fò dé orí ṣókóléètì fúnra rẹ̀, níbi tí èrè wà." Ìmọ̀ràn akíkanjú ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú tọ̀. Láti 1828 tí a ti mọ fífún, ó di 1847 kí ilé iṣẹ́ Fry ní Bristol tó ṣe ṣókóléètì tí a lè fi eyín gé. Ó di 1875 kí Daniel Peter ní ìlú Vevey tó mọ bí a ti í po mílíìkì mọ́ ọn. Ó di 1879 kí Rodolphe Lindt ní ìlú Bern tó rí ọgbọ́n rírò ó pẹ́ títí tí yóò fi kúnná, tí yóò sì máa yọ́ lẹ́nu. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni ó wà láàárín ẹ̀rọ àkọ́kọ́ àti adùn tí ayé mọ̀ lónìí. Ilẹ̀ òtútù sì ni gbogbo wọn ń gbé. Mílíìkì wà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Switzerland, àwọn tí yóò ra ṣókóléètì náà sì ń rìn kọjá lójú pópó wọn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan tó láti mú ọ̀rá kòkó rọ̀, owó òkèèrè ni a sì fi ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà àti mílíìkì wa. Láti ilé iṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù ni ọjà náà ní láti wà nínú òtútù, owó òtútù náà sì lè jẹ gbogbo èrè tí a ń lé kiri.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a wí pé kò ṣeé ṣe. Ní Tema, ní ilẹ̀ Gánà, ilé iṣẹ́ kan tí ọwọ́ ìjọba wà nínú rẹ̀ ti ń ṣe ṣókóléètì Golden Tree láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọ Gánà sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ní Accra, Kimberly àti Priscilla Addison, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, dá '57 Chocolate sílẹ̀ ní 2016. Iṣẹ́ ọwọ́ kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ àmì àdìńkrá àwọn baba wọn sára ṣókóléètì wọn. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò bá Zürich du tọ́ọ̀nù ọ̀rá; ohun tí Zürich kò ní ni wọ́n ń tà.

Àwọn kan tún wà tí sùúrù wọn ti tán, tí wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba fi òfin dè é, kí àpò kòkó gbígbẹ kan má tún kọjá ní èbúté. Kí a tó tẹ̀lé wọn, ẹ rántí ọ̀ràn òrí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì fún lọ sí òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tí ń ṣe òrí nílé lè rí èso rà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilẹ̀kùn òde mọ́ ọjà tí ilé iṣẹ́ ilé kò tíì lágbára láti rà tán, owó rẹ̀ ni yóò wálẹ̀. Ẹni tí yóò sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ ni obìnrin tí ń ṣa èso náà nínú igbó. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kòkó, ẹnu àgbẹ̀ ni a óò ti já oúnjẹ gbà láti fi bọ́ ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí kò lè dúró àfi bí a bá so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, kò tíì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Òwe wa ti dáhùn: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn ìyá wa tọ̀. Kò sí ìjọba tí ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má ta ẹ̀gẹ́ lásán. Wọ́n sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí àti láfún, wọ́n sọ ẹyìn di epo, wọ́n sọ èkùrọ́ di àdín, wọ́n sọ igbá irúgbìn lásán di irú. Ní Abẹ́òkúta wọ́n sọ aṣọ funfun di àdìrẹ. Àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn náà sọ fọ́nrán òwú di aṣọ òkè tí ọba ń wọ̀. Ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn yọrí ni pé wọ́n mọ ẹni tí yóò ra ọjà wọn. Ìyá tí ń yan gàrí mọ ìlú tí ó fẹ́ kíkan àti ìlú tí kò fẹ́ ẹ. Ó mọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Bí gàrí rẹ̀ bá ní iyanrìn, kí oòrùn tó wọ̀ ni oníbàárà yóò ti wá sọ fún un.

Nínú gbogbo rẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú ni ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n jù. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni gbogbo ilẹ̀ ń gbìn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjẹ̀bú fi sùúrù jẹ́ kí tiwọn kan dáadáa, wọ́n fún un gbẹ, wọ́n kù ú kúnná, wọ́n sì yan án títí ó fi ń ta ròrò lẹ́nu. Lónìí, ibi tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò dé ni orúkọ gàrí náà ti dé, oníbàárà sì ń fi tinútinú fi owó kún owó nítorí orúkọ náà. Ẹ̀yin ará, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń fi gbogbo ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ọjà iyebíye, inú abọ́ gàrí Ìjẹ̀bú ni ó wà. Ọjọ́ tí ó fi kan, ọwọ́ tí ó yan án, àti orúkọ tí kì í tan oníbàárà: ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni ó gbé e ga ju gàrí yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n yìí wá sínú kòkó. Ẹni tí ń ra kòkó wà nínú ilé wa. Tíì tí àwọn ọmọ wa ń mu láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kòkó ni ó pọ́n ọn. Ọ̀rá kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpara tí àwọn ìyàwó wa ń rà ní ọ̀wọ́n ń fi ara rẹ̀ yangàn. Èèpo kòkó tí a ń jù sí ìdí igi, eérú rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ń lò. Kò sí èyí tí ó nílò òtútù Switzerland nínú àwọn wọ̀nyí. Lóòótọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti wà nídìí tíì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ọjà olówó pọ́ọ́kú bá wọn jà yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kékeré kan bá ṣe ìyẹ̀fun kòkó gidi tí kò fi ṣúgà bò mọ́lẹ̀, tí ó kọ orúkọ ìlú tí kòkó náà ti wá sára rẹ̀, Ìdànrè tàbí Ìlẹ̀ṣà, tí adùn rẹ̀ kò sì yí padà láti oṣù dé oṣù, àwọn ènìyàn yóò mọ̀ ọ́n. Láti ilé wa ni yóò ti dé Lomé, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn òwò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2021. Bí ó bá ti lágbára níbẹ̀, kí ó tó wá kọ ojú sí Yúróòpù.

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí yóò béèrè lọ́wọ́ wa, olúkúlùkù sì ní èyí tí ó kàn án.

Èkíní ni oko. Adùn ṣókóléètì kò ti inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje tí a fi bo kòkó tútù kí ó kan. Kòkó tí a kò bò tó ọjọ́, tàbí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà nínú èéfín ọkọ̀, kò sí ọlọ́gbọ́n ayé tí ó lè tún un ṣe mọ́. Nígbà tí ìjọba tú àjọ tí ń ra kòkó ká ní 1986, owó tí àgbẹ̀ ń gbà dára sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ojú ṣọ́ ọjà dínkù. Oníkòkó kánjú tà, oníbàárà kánjú rà, kòkó tútù sì ń wọ àpò. Gánà tí kò tú ìṣọ́ tirẹ̀ ká ń gba owó lé owó nítorí pé àwọn tí ń rà á fọkàn tán an. Ẹni tí yóò ṣe ọjà iyebíye gbọ́dọ̀ fi owó kún owó fún àgbẹ̀ tí ó bo kòkó rẹ̀ pé ọjọ́, kí ó sì kọ èyí tí kò pé. Bí owó dáradára àti owó búburú bá dọ́gba, kò sí àgbẹ̀ tí yóò fi ọjọ́ méje ṣòfò.

Èkejì ni owó. Èlé báǹkì tí mo kà sókè yìí kò lè tọ́ iṣẹ́ tí yóò pẹ́ kí ó tó so èso. Àwọn baba wa ti dojú kọ irú ìṣòro yìí rí. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gbẹ́dun lẹ́bàá Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó fi ọ̀nà hàn. Nígbà tí ó sì di 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ní báǹkì tiwọn ní Ìbàdàn. Orúkọ báǹkì náà ti wọ inú ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó bí i kò kú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó lè dá owó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, tí ó lè dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dọọdún, lè ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan kí ó sì dúró dè é fún ọdún márùn-ún láì bínú. Irú owó onísùúrù bẹ́ẹ̀ ni báǹkì kò ní.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ, èyí sì kan ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin baálẹ̀ gidigidi. Òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023, tí wọ́n ti ń sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ń béèrè pé kí kòkó tí yóò wọ ilẹ̀ wọn ní ẹ̀rí oko tí ó ti wá, kí ó sì dájú pé a kò pa igbó run nítorí rẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ń ráhùn sí òfin yìí, ráhùn wọn sì ní ìdí, nítorí ẹrù rẹ̀ lè wọ àgbẹ̀ kékeré lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ààlà oko ju baálẹ̀ lọ? Ta ni ó mọ ẹni tí ó ni igi àti ẹni tí ó ń dá oko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn? Ìlú tí ó bá kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ àti ààlà oko wọn sílẹ̀ lónìí ti ní ohun kan lọ́wọ́ tí yóò fi tà kòkó rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ìlú náà ni ó sì gbọdọ̀ ṣọ́ orúkọ yìí. A mọ̀ pé ẹni tí ń ta gàrí lásán a máa pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú. Bí a bá jẹ́ kí ẹni tí ó da kòkó búburú pọ̀ mọ́ rere máa fi orúkọ ìlú jẹun, kí ọdún tó yí po orúkọ náà á ti di yẹ̀yẹ́. Kí òṣùwọ̀n inú ọjà pé, kí ẹni tí ó bá yọ́ òṣùwọ̀n gé sì mọ̀ pé ààfin ń rí i.

Ní ti ìjọba, mi ò ní kí ó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa. Kí ó fún ibi tí ilé iṣẹ́ kòkó kó ara jọ sí ní iná tí kì í kú. Kí ó san owó tí ó bá ti ṣèlérí ní ọjọ́ tí ó dá. Bí kò bá sì ní fọwọ́ sí àdéhùn Yúróòpù, kí ó wá ohun mìíràn fi tu àwọn tí ń san owó ibodè lójú. Ní ti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ orí pèpéle nìkan ni ẹ óò ti máa yin ọjà ilẹ̀ wa. Bí ọmọ kan ní ìlú yín bá ṣe ìyẹ̀fun kòkó, ẹ rà á. Bí kò bá dára, ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀, ẹ wí fún un lójúkojú bí oníbàárà ti ń wí fún oníyan-gàrí, kí ó lè tún un ṣe. Oníbàárà tí ń yin ọjà tí kò dára nítorí pé ọmọ ìlú ni ó ṣe é ń sin ọmọ náà láàyè ni.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀rọ tí ó ti dípẹtà lè tún yí, ṣùgbọ́n kí a tó tún ra òmíràn, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí níwájú àwọn àgbà ìlú rẹ̀: ta ni yóò ra ohun tí o fẹ́ ṣe, oko ta ni kòkó rẹ yóò ti wá, owó ta ni yóò sì dúró dè ọ́? Bí ó bá rí ìdáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a gbé e lárugẹ, kí a fi owó àti orúkọ wa tì í lẹ́yìn. Bí kò bá rí i, ẹ jẹ́ kí ó máa ta kòkó rẹ̀ ní gbígbẹ títí yóò fi rí i. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà yẹn náà ni baba rẹ̀ gbà rán an ní ilé ẹ̀kọ́. Kí Olódùmarè fún wa ní sùúrù àwọn tí ń bo kòkó pé ọjọ́.